Ínṣì Kan, Ẹsẹ̀ Bàtà Kan: Títún Ilé Ayálégbé Ṣe fún Àgbà àti Akàndá ní Tẹ́júoṣó

Lọ́dún 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé tó há mọ́ra ní àárín erékùṣù Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń gbé níbẹ̀ wá sí Sùúrùlérè, sínú ilé tuntun tí LEDB, àjọ tó ń rí sí àtúntò ìlú Èkó nígbà náà, kọ́. Ọmọ ọdún 5 tó di ìró ìyá rẹ̀ mú dé Sùúrùlérè nígbà yẹn ti lé ní ẹni 70 ọdún lónìí. Àwọn ilé tó yí ọjà Tẹ́júoṣó ká, láti ojú irin Yábàá títí dé Ojúẹlẹ́gbá, àti èyí tó kún Muṣin lẹ́yìn rẹ̀, ti dàgbà pẹ̀lú àwọn tó ń gbé inú wọn. Àtẹ̀gùn kan náà tí wọ́n ń sá gùn nígbà èwe ni wọ́n ń di ògiri mú gùn báyìí.

Bí a ṣe lè fi owó tí kò pọ̀ tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ni mo fẹ́ ṣàlàyé, kí arúgbó, aláboyún, ọmọdé, ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù, àti ẹni tó ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ lè máa gbé inú rẹ̀ láìsí ìfòyà. Ilé ayálégbé ni mò ń sọ, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí fési-mi-áì-fési-yù: àwọn yàrá kọjú síra wọn, kọ́rídọ̀ kan gba àárín wọn kọjá, balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Nínú irú ilé yìí, inú yàrá kọ́ ni ewu pọ̀ sí jù. Kọ́rídọ̀ ni, àtẹ̀gùn ni, balùwẹ̀ ni, ẹnu gọ́tà ni, ìyẹn àwọn ibi tó jẹ́ ti gbogbo ilé, tí ẹnikẹ́ni kò sì kà sí tirẹ̀. Nítorí náà, ó dá mi lójú pé ìfohùnṣọ̀kan àwọn ará ilé ni a nílò kí a tó ra sìmẹ́ǹtì. Bí ẹnì kan bá dá tún yàrá tirẹ̀ ṣe dáadáa, tí kọ́rídọ̀ ṣókùnkùn, tí balùwẹ̀ ń yọ̀, kò tíì ṣe nǹkan kan fún ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣubú kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èèyàn 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, pé ó lé ní 80 nínú 100 wọn tó jẹ́ ará àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí, àti pé àwọn tó ti lé ní 60 ọdún ló ń kú jù nínú wọn. Lóòótọ́, ilé ìwòsàn egungun tó wà ní Ìgbóbì kò jìnnà sí Tẹ́júoṣó. Ṣùgbọ́n bí egungun ìbàdí àgbàlagbà bá kán, owó iṣẹ́ abẹ ń bẹ níwájú, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lórí ibùsùn ń bẹ níwájú, ọmọ kan nínú ilé yóò sì ní láti pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tì kó lè máa tọ́jú rẹ̀. Owó irin ìdìmú kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a ti wo ẹ̀yìn yẹn kí ìṣubú tó dé. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ti mú iná lọ, kí ọ̀dọ́ kan nínú ilé gbéra láti ibùsùn ìyá àgbà, kí ó rìn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ó sì rìn bí ìyá àgbà ṣe ń rìn, láìgbé ẹsẹ̀ sókè púpọ̀. Gbogbo ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ bá wá ibi dì mú tí kò rí, ni kí ó sọ fún àwọn ará ilé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Yóò bá kẹ́ẹ̀gì omi pàdé, yóò bá sítóòfù pàdé, bàtà, àga tí wọ́n gbàgbé síta, rọ́ọ̀gì tí etí rẹ̀ ti ká sókè, àti wáyà jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fà gba ilẹ̀ láti yàrá kan bọ́ sí òmíràn.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀nyí kò gba owó rárá. Kí àwọn ará ilé fi ẹnu kò pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nínú kọ́rídọ̀ ni ẹrù yóò máa wà, kí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹni tó ń rìn lè fi ọwọ́ tọ ògiri lọ. Kí oníná kan wáyà mọ́ ara ògiri, kí ó gba òkè ẹnu ilẹ̀kùn kọjá. Kí a ká rọ́ọ̀gì kúrò nílẹ̀, ó kéré tán ní ọ̀nà tí àgbà ń gbà. Lẹ́yìn èyí ni iná kàn. Àwọn gílóòbù kan wà lọ́jà tó ń gba iná pamọ́ sínú, tí wọ́n á ṣì máa tàn fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí iná bá ti lọ, ojú gílóòbù tó wà tẹ́lẹ̀ náà ni a ó sì dè é mọ́. Ọ̀kan nínú kọ́rídọ̀, ọ̀kan ní ẹnu balùwẹ̀. Bí àtẹ̀gùn bá wà, kí a fi ọ̀dà funfun tàbí yẹ́lò fa ìlà sí etí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ojú tó ti ń ṣe bàìbàì kì í rí ibi tí sìmẹ́ǹtì eléérú kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ojú má sì tì wá láti dá póò padà sínú yàrá. Àwọn ìyá wa àgbà mọ ìwúlò rẹ̀. Ẹni tó ń dìde lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta lóru láti tọ̀, kí ló ń wá kiri lẹ́yìnkùlé nínú òkùnkùn? Bí kò bá lè lóṣòó mọ́, gbẹ́nàgbẹ́nà lè kan àga líle kan tó ní apá lọ́tùn-ún lósì, kí ó gé ihò sí ibi ìjókòó, kí póò wà nísàlẹ̀. Ibi ìjókòó náà kò gbọdọ̀ ga tàbí kúrú jù: kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ dáadáa, kí orúnkún rẹ̀ má sì ga ju ìbàdí lọ. Nǹkan bí ínṣì 18 ló ń bá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà mu. Ìwọ̀n kan náà ni kí a fi wo gíga bẹ́ẹ̀dì. Mátírẹ́ẹ̀sì tí a tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ń fìyà jẹ orúnkún tí làkúrègbé ti wọ̀.

Balùwẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró sí pẹ́. Níbẹ̀ ni omi, ọṣẹ, òkùnkùn àti ìhòòhò ti pàdé, ẹni tó bá sì ṣubú níbẹ̀ lè wà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ nítorí pé ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń bo ilẹ̀ balùwẹ̀ ló kọ́kọ́ yẹ kó kúrò. Búrọ́ọ̀ṣì líle àti ọṣẹ tó fún un, bí gbogbo yàrá bá gbà á ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá lo híípò, ẹ má pò ó mọ́ oògùn ìfọ-tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó ní ásíìdì, nítorí pé afẹ́fẹ́ olóró ló ń ti inú àpòpọ̀ wọn jáde. Bí ilẹ̀ náà bá ti bàjẹ́, kí bíríkìlà yọ ọ́, kí ó tún un dà, kí ó jẹ́ kí ó dagun díẹ̀ lọ síbi tí omi ń gbà jáde kí omi má baà dúró. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì náà bá ṣì tutù, kí ó fi ìgbálẹ̀ fà á láti òpin kan dé èkejì. Ojú rẹ̀ yóò rí ṣákaṣàka, ẹsẹ̀ yóò sì máa rí ibi mú. Bíríkìlà tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ẹwà kò ní fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, yóò fẹ́ kó dán. Ẹ má gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ra táìlì tó ń dán fún ilẹ̀ balùwẹ̀, bó ti wù kí ó lẹ́wà tó nínú ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́yìn ilẹ̀, irin ìdìmú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí, nítorí pé búlọ́ọ̀kù tí a fi ń mọ ilé l'Ékòó máa ń ní ihò nínú. Bí a bá kàn gbẹ́ ihò kékeré, tí a ti rọ́bà bọ̀ ọ́, tí a sì de irin mọ́ ọn, irin náà yóò dúró títí di ọjọ́ tí ẹnì kan bá fi gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn, ìyẹn ọjọ́ tí a tìtorí rẹ̀ rà á gan-an. Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí wẹ́dà jó ẹsẹ̀ tó yà bí èékánná mọ́ ìdí irin náà lápá méjèèjì. Kí bíríkìlà ṣí ojú búlọ́ọ̀kù níbẹ̀, kí ó rọ kọnkéré kún ihò inú rẹ̀, kí ó sì ri ẹsẹ̀ irin náà sínú kọnkéré ọ̀hún. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, kí ọkùnrin tó sanra jù nínú ilé fà á pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Bí kò bá mì, ó ti di ohun tí àgbà lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ní ti gíga, kí ìyá náà nàró, kí ó ju ọwọ́ sílẹ̀, ibi tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bá dé ni kí irin wà. Ní ti sísanra, páìpù tó fẹ̀ tó ínṣì kan àti ààbọ̀ níta ni ọwọ́ máa ń ká dáadáa. Irin tí a fi ń sá táwẹ́ẹ̀lì kò lè ṣe iṣẹ́ yìí láéláé.

Àga ìwẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Àga ike tó ti ń ya ní ẹsẹ̀ léwu. Bíríkìlà lè fi búlọ́ọ̀kù mọ ìjókòó kékeré kan sí igun balùwẹ̀, kí ó rẹ́ ẹ kó lè pẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó mọ pèpéle tí a ó gbé bókẹ́ẹ̀tì omi lé, kí ẹni tó ń wẹ̀ má ṣe máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bu omi. Bí omi gbígbóná bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, omi tútù ni kí ó kọ́kọ́ wọ bókẹ́ẹ̀tì, kí gbígbóná tó tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ti inú omi gbígbóná lásán bẹ̀rẹ̀ àpá tí wọn yóò gbé títí dọjọ́ ikú.

Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ máa ṣí síta. Bí ó bá ń ṣí sínú, tí ẹnì kan sì ṣubú lẹ́yìn rẹ̀, ara ẹni náà ni yóò dí ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó fẹ́ gbà á là. Iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni fún káfíńtà láti yí i padà. Kí ìkọ́ tí a fi ń tì í nínú sì jẹ́ èyí tí a lè fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gbé láti ìta.

Nísinsìnyí, ẹnu ọ̀nà ilé. Nítorí omi òjò, a máa ń gbé ilé ga kúrò nílẹ̀ ní agbègbè yìí, àtẹ̀gùn sì pọ̀ níwájú ilé. Fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ráńpù, ni ojútùú rẹ̀. Òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ibi láyé ń lò rọrùn láti rántí: ínṣì kan lókè, ẹsẹ̀ bàtà kan ní gígùn. Búlọ́ọ̀kù kan ga ní ínṣì 9. Nítorí náà, bí ẹnu ọ̀nà bá fi búlọ́ọ̀kù kan ga ju ilẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ bàtà 9 ni ráńpù náà gbọ́dọ̀ gùn. Bí ó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù méjì, ẹsẹ̀ bàtà 18. Bíríkìlà tí kò mọ èyí yóò fi ẹsẹ̀ bàtà 3 parí iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù kan, ẹni tó bá sì ń ti kẹ̀kẹ́ gun irú rẹ̀ lè yí ẹni tó jókòó sẹ́yìn, orí ni yóò sì fi lulẹ̀. Kí ráńpù fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3, kí etí rẹ̀ méjèèjì ga díẹ̀ kí táyà má baà yọ́ bọ́ sílẹ̀, kí a fi ìgbálẹ̀ fa ojú rẹ̀ bíi ti balùwẹ̀, kí ibi títẹ́jú tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5 sì wà níwájú ilẹ̀kùn, níbi tí ẹni orí kẹ̀kẹ́ lè dúró ṣílẹ̀kùn láìyí padà sẹ́yìn.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ní òpópó tó wọ Tẹ́júoṣó kò ní ẹsẹ̀ bàtà 18 níwájú kó tó kan gọ́tà. Níbi tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ráńpù náà gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ, tàbí kí ó yí po lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá sí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ nínú ilé, tó jẹ́ pé orúnkún tàbí rọpárọsẹ̀ ni ìṣòro, kò pọn dandan kí a mọ ráńpù. Kí a pín àtẹ̀gùn gíga sí kéékèèké, kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan má ga ju ínṣì 6 lọ, kí gbogbo wọn ga bákan náà, kí irin ìdìmú sì wà lápá méjèèjì. Apá méjèèjì ni mo wí, nítorí pé ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ní apá òsì yóò fi ọwọ́ ọ̀tún di irin mú gòkè, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀, irin yẹn ti bọ́ sí ọwọ́ òsì tí kò ṣiṣẹ́.

Gọ́tà ni mo kórìíra jù nínú gbogbo rẹ̀. Pákó tó ti jẹrà, sílábù tó ti sán, sílábù tí wọ́n ṣí láti kó ẹrẹ̀ tí wọn kò sì dá padà: ẹnikẹ́ni lè já sí i, ojú ìbáà là, ojú ìbáà fọ́. Kí àwọn ilé méjì tàbí mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn dáwó, kí wọ́n rọ sílábù tó ní irin nínú, kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ó ní ìkọ́ tí a lè fi gbé e nígbà tí a bá fẹ́ kó gọ́tà. Láì ṣe èyí, ráńpù tí a mọ sẹ́nu ilé kò ní ibi tó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣàjèjì sí Tẹ́júoṣó. Ọdún 2007 ni iná jó ọjà àtijọ́, ó sì di 2014 kí tuntun tó ṣí. Nínú ilé, ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni bọ́gílárì tí a fi irin jó mọ́ gbogbo fèrèsé. A fi ń lé olè, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí iná bá gba ẹnu ọ̀nà, a ti há mọ́lé. Kí wẹ́dà gé ọ̀kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ó fi ìnjìsì sí i kó lè máa ṣí, kí àgádágodo rẹ̀ wà nínú, kí kọ́kọ́rọ́ sì rọ̀ sí ibi tí ọwọ́ gbogbo ará yàrá lè tó, tí ẹni tó wà ní ìta kò lè nawọ́ mú. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rọ́ sí. Nítorí náà kí sílíńdà wà níta, kí a sì fi omi ọṣẹ pa ojú okùn rẹ̀ wò bóyá yóò hó. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní tirẹ̀ ní oró kan nínú tí kò ní òórùn. Kò sí kọ́rídọ̀ tàbí báńkónì tó fẹ̀ tó láti tan jẹnẹrétọ̀ sí, bó ti wù kí òjò máa rọ̀ tó.

Àwọn tí ojú tàbí etí wọn ní ìpèníjà kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Sùúrùlérè ni ilé ẹ̀kọ́ Pacelli fún àwọn afọ́jú wà, ibẹ̀ náà ni Wesley fún àwọn adití. Fún ẹni tí kò ríran, àǹfààní tó ga jù ni pé kí a má máa gbé nǹkan kúrò ní ààyè rẹ̀ láìsọ fún un. Fún ẹni tí kò gbọ́ràn, kí aládùúgbò kan gbà pé òun ni yóò lọ fọwọ́ kàn án bí iná bá ṣẹ́ yọ lóru, kí ó sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Ta ni yóò sanwó? Ní England, ìjọba ìbílẹ̀ a máa rán òṣìṣẹ́ wá wo ilé, wọ́n sì ń ṣe àtúnṣe kéékèèké tí owó rẹ̀ kò ju £1,000 lọ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá tọ́ sí. Àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ ti rí i. Níhìn-ín, òfin àwọn akàndá ẹ̀dá wà ní ìpínlẹ̀ Èkó láti 2011, òun ló bí LASODA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn. Òfin àpapọ̀ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 sì fún àwọn tó ni ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà fún akàndá. Ọdún 5 ọ̀hún ti pé láti 2024. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn, ọ́fíìsì àti irú wọn ni ọ̀rọ̀ yẹn kàn. Kò sí ẹni tí ìjọba yóò rán wá mọ irin sí balùwẹ̀ ilé ayálégbé.

Ọwọ́ wa ló kù sí. Bí ayálégbé bá fẹ́ na owó sí ilé onílé, kí ó kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda onílé ní kíkọ sílẹ̀. Òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2011, sọ pé ayálégbé tó bá tún ilé ṣe pẹ̀lú irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ lè béèrè owó àtúnṣe náà nígbà tí onílé bá ní kó kó jáde. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Ẹ̀yin onílé pẹ̀lú, ẹ rò ó wò: ilẹ̀ balùwẹ̀ tí kò yọ̀, irin ìdìmú, sílábù gọ́tà, gbogbo rẹ̀ tiyín ni, ayálégbé kò ní gbé e lọ.

Mo bẹ ẹ̀yin tó ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tí ìyá tàbí bàbá yín ń gbé lọ́dọ̀ yín: ẹ pe ìpàdé ilé ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Balùwẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dáwó fún, lẹ́yìn rẹ̀ àtẹ̀gùn, lẹ́yìn rẹ̀ gọ́tà. Kí ẹ sì kọ 112 àti 767, nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó, sára ògiri kọ́rídọ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà.